Aṣọ Funfun Tí A Kò Da Àwọ̀ Sí

Nínú ìwé kékeré tí ẹgbẹ́ wa ní Houston ń tẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láyé, Bùnmi ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sójú ewé kìn-ín-ní. Ó wọ iyùn, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ sì pé síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rántí pé èmi náà ṣì wà láyé. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n kọ tèmi, "ṣùgbọ́n kó má pọ̀ jù o, Mà." Ó máa pọ̀.

Mo ka ti Bùnmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ ọ́ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí àyẹ̀wò pínkì, ohun tó kọ ni pé, "a rí ọ̀nà kan nínú ṣọ́ọ̀bù wa." A rí ọ̀nà kan. Kò sọ pé òun ló rí i, kò sì sọ pé èmi ni. Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa, láti Missouri City títí dé Cypress ní àyíká Houston, "pínkì Mọ́mì Bùnmi" ni wọ́n ń pè é. Èmi Fọláṣadé ni mo rí i. Kí ìwé yìí dá a padà fún mi ni mo ṣe jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Nínú ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, kódà èyí tí ọmọdé ń fi ṣeré, ẹ ó rí àwòrán korobá kékeré kan. Ẹ mú àwọ̀, ẹ fi korobá tẹ inú ilé tí ẹ yà, ògiri ilé náà yóò kún fún àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn, àbí? Nígbà tó bá ṣiṣẹ́ ni. Ọjọ́ mìíràn, ẹ ó da àwọ̀ pupa sínú ilé, ojú ọ̀run, koríko àti gbogbo ojú ìwé yóò sì pọ́n. Ọjọ́ mìíràn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dá yín lóhùn. Ọjọ́ mìíràn, yóò kún, ṣùgbọ́n yóò fi okùn funfun tínínrín sílẹ̀ yí etí àwòrán ká, bí ìyẹ̀fun tó gbẹ sí etí àwo. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wá ìdí irú nǹkan báwọ̀nyí. Ẹlòmíràn yàwòrán, ẹlòmíràn gba ìyìn. Èmi ni mo mọ ìdí tí korobá fi ń jò.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ náà àti iye tí wọ́n ń san kò gba ìlà méjì. Mo ti kàwé iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì nílé, mo tún kàwé sí i níbí. Ọkọ mi ń ṣe ìdánwò, ọmọ wà ní daycare, mo rí àkọlé lójú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, mo wọlé.

Ọ̀gá Ṣóyẹmí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀gbá ni. Abẹ́òkúta ló ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ àkọlé sára mọ́tò àti ògiri kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń di irun àti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ewúrẹ́. A ń ṣe ìwé ètò ìsìn, káàdì ìkómọ, ìwé àwòrán tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń kùn, àti ẹ̀wù tí a ń tẹ àwòrán sí láyà. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀ nígbà náà, orí rẹ̀ tóbi bí àpótí. Ètò ìyàwòrán inú rẹ̀ kò ní ju búrọ́ọ̀ṣì, ìlà, ìnurẹ́ àti korobá lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi ẹnu ọ̀bẹ yọ bọ́tìnnì Z kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Bọ́tìnnì yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ láti dá àṣìṣe padà.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí la ó máa lò?"

Ó ní, "Lẹ́tà yẹn ò sí nínú ABD. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Bí àwọ̀ bá jò ńkọ́, sà?"

"Nígbà tí mo ń kọ mọ́tò l'Ábẹ́òkúta, tí ọ̀dà bá ṣàn, bọ́tìnnì wo ni mo ń tẹ̀?"

Bí a ṣe ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nìyẹn. Tí oníbàárà bá ń jẹ́ Elizabeth, inú iṣẹ́ àtijọ́ la ti máa ń lọ gé lẹ́tà náà wá. Tí àwọ̀ rẹ bá sì jò, ìwọ ni wàá dìde lórí àga, wàá lọ fọwọ́ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wàá padà wá jókòó, wàá fi ọwọ́ tún ohun gbogbo tó bàjẹ́ ṣe. Ọwọ́ mi kò dọ̀tí, àwọ̀ orí kọ̀ǹpútà kì í ta síni lára. Ọ̀gá ní kì í ṣe torí ìdọ̀tí. Ó ní ẹni tó bá ti rìn dé ìdí omi tó sì padà, ìkánjú rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò da àwọ̀ kankan. Ọ̀gá yóò ya àwòrán, yóò fi àlàfo kan ṣoṣo pamọ́ sára ìlà rẹ̀, àlàfo tí kò ju hóró iyanrìn lọ, yóò ní kí n wá a. Kí n tó fọwọ́ kan korobá, yóò béèrè pé, "Ìwọ tó o fẹ́ rọ omi, ṣé o ti wo ìdí ìkòkò?"

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé a kì í wá àlàfo kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Tí àwọ̀ bá ń jò lára àwòrán ẹja, fa ìlà kan la ẹja náà láàárín. Da àwọ̀ sí apá orí. Tí kò bá jò, apá ìrù ni àlàfo wà. La apá ìrù náà sí méjì. Ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ọwọ́ rẹ á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní sùúrù, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìríra fún ohun tó ń tàn án. Èmi ní méjèèjì.

Ní ọdún kejì ni Bùnmi dé.

Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi, èyí ló tilẹ̀ ń bí mi nínú jù. "Àǹtí Ṣadé, ẹ kú iṣẹ́." "Àǹtí Ṣadé, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Kò kàwé tó mi. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ayàwòrán kankan láyé yìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ̀rín rẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á wo orí mi kọjá, wọ́n á ní, "Bùnmi ńkọ́?" Ọkọ rẹ̀ ń wá gbé e nírọ̀lẹ́, á dúró níta, á rọra fun fèrè mọ́tò. Èmi ń wa ara mi gba freeway padà sí Missouri City.

Wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, òkè àjà ni pàṣán náà wà títí. Ní oṣù kejì tí Bùnmi dé, àwọ̀ rẹ̀ jò kún ojú ìwé ètò ìsìnkú kan, ọ̀gá sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bùnmi, o fẹ́ kí Bàbá olóògbé wẹ omi aró ni?" Bùnmi náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ fọwọ́. Èmi, nígbà tí tèmi jò, ọ̀gá fi ọjọ́ méjì gbáko kọ̀ láti bá mi sọ̀rọ̀.

Mo kọ́ Bùnmi níṣẹ́, kò kọ èyí náà sínú ìtàn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó jókòó síwájú àwòrán àgbàdo kan, okùn funfun yí gbogbo hóró rẹ̀ ká.

Ó ní, "Àǹtí, mo ti dà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Funfun yìí ò lọ."

Mo ní, "Búrọ́ọ̀ṣì wo lo fi ya ìlà ẹ̀?"

"Èyí tó rọ̀. Ó rẹwà jù."

"Ẹwà yẹn ló ń pa ọ́. Mú un tóbi kó o rí i. Láàárín dúdú àti funfun, o rí eérú yìí? Korobá ń dé ibi eérú, ó rò pé ògiri ni, ó dúró. Fi pẹ́ńsù líle ya ìlà. Tàbí kó o sọ fún korobá, níbi nọ́ńbà yẹn, pé kó má fi ìyàtọ̀ kékeré ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó o bá sọ ọ́ di ńlá jù, á jẹ ìlà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn."

"Háà, Àǹtí. Ẹ̀yin ni olùkọ́ mi."

Ó sọ ọ́ báyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eérú yìí fún oníbàárà kan, bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ra ètò tuntun. Ní ti èyí, àwòrán kì í ṣe ojú ìwé kan mọ́. Ó dà bí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí a tò léra wọn, ìlà wà lórí ọ̀kan, àwọ̀ wà lórí òmíràn, ìwé funfun wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Ìyọnu tuntun dé. Ẹ ó da àwọ̀ títí, kò ní wọlé, àṣé orí ọ̀rá mìíràn lẹ dúró sí. Èyí tó burú jù lọ ni funfun. Ìwé ìsàlẹ̀ funfun, ẹyẹlé funfun: ojú kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti da funfun sínú ẹyẹlé tàbí inú rẹ̀ ṣófo. A ya ẹyẹlé kan fún ìwé ètò ìrìbọmi, a gbé e lé ojú ọ̀run aláwọ̀ aró, ikùn rẹ̀ sì di aró. Ọ̀gá bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ló sì bínú sí.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́yìn ọmọbìnrin mi nínú ìjọ. Aṣọ funfun tó wọ̀ fẹ́lẹ́, yẹ̀rì pínkì abẹ́ rẹ̀ sì ń hàn níbi tí aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ jù. Mo ń wò ó. N kò gbọ́ ìwàásù mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó bọ́ kóòtù, mo ṣí iṣẹ́ kan, mo mú ìwé funfun ìsàlẹ̀ kúrò, mo da pínkì tó burú jù tí mo rí síbẹ̀. Gbogbo ibi tí a ti da àwọ̀ dúró bó ṣe wà. Ibi tó ṣófo di pínkì. Ìṣẹ́jú méjì péré. Mo pe ọ̀gá. Ó wò ó, ó hùn, ó ní, "Ó dára." Láti ọjọ́ náà, ó ṣòfin pé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde láì wọ yẹ̀rì pínkì, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn olóyè ìjọ kan wá wo iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn wọn, ó ní, "Bùnmi, fi pínkì yẹn hàn wọ́n." Èmi wà níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì ni mo wà sí i. Bùnmi fi hàn wọ́n pẹ̀lú ẹnu dídùn rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bí pínkì ṣe di ti Bùnmi nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ẹ bá rí ohun kan níbi iṣẹ́, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rí i. Ẹ má dúró de kí ẹlòmíràn bá yín sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ ni yóò ni ín.

Ní àkókò yẹn, ọ̀gá ti ń darúgbó. Ọkàn rẹ̀ kò ṣe dáadáa mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa mọ̀ pé láàárín èmi àti Bùnmi ni yóò ti mú ẹni tí yóò fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún. Mo ti rò ó kúnná. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Èmi ni mo kàwé jù. Èmi ni mo mọ ìdí ìkòkò.

Iṣẹ́ tó bà á jẹ́ dé ní ọdún náà. Ìjọ aláṣọ funfun kan ní àdúgbò wa ń retí olórí wọn láti Nàìjíríà. Aṣọ oyè olórí náà jẹ́ elése àlùkò, òun nìkan ló sì ń wọ̀ ọ́. Láti yẹ́ ẹ sí, wọ́n ní kí a bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe ẹ̀wù elése àlùkò, kí a ya Olùṣọ́ ìjọ wọn sí i láyà, nínú sùtánà funfun, kó na ọwọ́ méjèèjì láti kí àlejò káàbọ̀. Ọwọ́ Bùnmi ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ó yà á, ó rẹwà. Nítorí pé ara aṣọ la máa tẹ̀ ẹ́ sí, ó mú ìwé funfun ìsàlẹ̀ kúrò kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò da funfun sínú sùtánà. Ó rò pé òun ti dà á. Lójú kọ̀ǹpútà ìgbà náà, ibi tó ṣófo ń hàn bíi funfun.

Nínú ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ kọ fún ìwé yìí, ibí ni mo ti dúró. Mo kọ ọ́ pé Bùnmi gbàgbé. Òótọ́ ni. Èyí tó kù rèé.

Ọ̀gá wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì náà. Bùnmi lọ jẹun ọ̀sán. Mo jókòó sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, mo wọ̀ ọ́ ní yẹ̀rì pínkì. Ojú Olùṣọ́ dúró, ọwọ́ rẹ̀ dúró, Bíbélì rẹ̀ dúró. Sùtánà rẹ̀ di pínkì láti ọrùn dé ilẹ̀. Mo mọ ohun tí mo rí. Mo mọ àwọ̀ ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí. Mo pa á dé.

Bùnmi wọlé, ó ń nu ẹnu. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi wo iṣẹ́ Olùṣọ́ yẹn kó tó lọ. Ojú ń kán mi."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ wò lára ẹ̀? Ṣebí ìwọ ló ni pínkì."

Ó dúró. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ó sì tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ lọ síbi ẹ̀rọ tó ń tẹ aṣọ níta; ibẹ̀ ni ìjọ ti lọ gba ẹ̀wù wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, Alàgbà ìjọ náà wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù kan ní ìka méjì, bí ẹni tó gbé òkú eku dání. Ọ̀gá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Alàgbà tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì. Olùṣọ́ wọn na ọwọ́ méjèèjì, ó wọ aṣọ elése àlùkò láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá Ṣóyẹmí, ta ló fi Olùṣọ́ wa joyè?"

Ọ̀gá ní, "Alàgbà, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ mọ oyè?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, sà."

"Ọgọ́rùn-ún ọmọ ló wọ̀ ọ́ lọ pàdé Bàbá ní pápákọ̀ òfurufú. Ọgọ́rùn-ún. Bàbá ò jẹun wa. Wọ́n ní àwọn ti ń gbọ́ ọ nílé tẹ́lẹ̀ pé Olùṣọ́ fẹ́ dá dúró, pé àwọn ò gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí àwọn fojú rí i láyà àwọn ọmọdé. Ẹ wá lọ ṣàlàyé ẹ̀rọ fún wọn."

Bùnmi kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè nǹkan kan. Ó ní, "Alàgbà, èmi ni. N kò da funfun sí i. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọ̀gá, kì í ṣe ti Àǹtí." Ó ní òun yóò tẹ̀ lé wọn lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá. Ó sì lọ. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ Olùṣọ́ náà nípò, wọn kò sì dá a padà. Ọdún méjì ni Olùṣọ́ náà fi jókòó sẹ́yìn ìjọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo dúró síbẹ̀, inú mi sì ń dùn. N kò ní fi bò. Mo rò pé àga ti di tèmi.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá pè mí sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó ní, "Ṣadé, mo rí ẹ̀dà kan nínú kọ̀ǹpútà. Olùṣọ́ nínú yẹ̀rì pínkì. Orúkọ rẹ ló wà lára ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì."

Àṣé bí mo ṣe fẹ́ pa iṣẹ́ náà dé, ètò béèrè bóyá kó fi ẹ̀dà pamọ́, ọwọ́ mi tó ti mọ òfin ọ̀gá lára sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ orúkọ mi sí i. N kò tilẹ̀ mọ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ Bùnmi ni."

Ó ní, "Iṣẹ́ Bùnmi ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ wà lọ́jà." Ó fara ti ògiri, ó mí. "Ẹni tó ṣe àṣìṣe, mo lè kọ́ ọ. Ìwọ, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ? O ti mọ̀ ọ́n tán."

Ó gbé ṣọ́ọ̀bù fún Bùnmi ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú.

Mo dúró lábẹ́ Bùnmi fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ. Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ọmọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkọ mi ti ṣàìsàn, ọjọ́ orí mi sì ti kọjá ti ẹni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́. Mo ní tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bùnmi kọ́ ilé ńlá sí Cypress, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di ẹnjiníà ní Clear Lake, wọ́n ń pe ìyá náà wá bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ kan bá sì ti le, yóò gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Àǹtí, korobá yìí ń jò." Màá wá ibi tó ti ń jò. Yóò gbé e padà lọ fún oníbàárà.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Máòsì lọ, kálàmù tó ń kọ̀wé sórí gíláàsì dé. Ètò wá ń fi àmì onígun mẹ́rin kéékèèké hàn níbi tó bá ṣófo, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rò pé ó funfun. Èyí tó wà níta báyìí lè dí àlàfo fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún á fi ìka kan wàláà kọ̀ǹpútà, àwọ̀ á dúró síbi tó yẹ. Inú mi kò dùn sí i. Ohun tí mo fi ojú mi kọ́, ẹnì kan ti fún ẹ̀rọ ní ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, mo máa sọ fún yín pé iṣẹ́ náà kò tíì tán. Wọ́n ṣì máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí fóònù títí yóò fi bàjẹ́, pupa kan ṣoṣo á ti di oríṣiríṣi pupa tí ojú èèyàn kò lè yà sọ́tọ̀, korobá á sì máa fi àbàwọ́n sílẹ̀ káàkiri. Ẹni tó bá mọ̀ pé kó lọ béèrè àwòrán àkọ́kọ́, kó má máa bá àbàwọ́n jà, yóò jẹun níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ tán, èyí tí mo ti dúró síbi tí Bùnmi ti gbàgbé, mo pè é lórí fóònù. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo ń gba ohun mi padà.

Ó ní, "Àǹtí Ṣadé, ẹ kú àárọ̀, Mà. Orúnkún yẹn ńkọ́?"

"Orúnkún wà níbẹ̀. Bùnmi, mo ń kọ tèmi. Mo ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo rí pínkì."

"Ẹ kọ ọ́, Mà. Ẹ̀yin ni."

"Kí ló dé tí ìwọ ò fi kọ ọ́?"

Ó ní, "Tí mo bá kọ pé ẹ̀yin ni, wọ́n á béèrè ìgbà tí ẹ rí i. Tí mo bá sọ ìgbà, àwọn ará ìjọ yẹn ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Wọ́n á ní ẹni tó rí pínkì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kí ló ń wò? Mo wá kọ pé 'a'."

Mo ní, "Ọ̀gá sọ fún ọ."

"Rárá o. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá ni mo jogún, Àǹtí. Mo rí ẹ̀dà yẹn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

"O rí i, o sì ń gbé iṣẹ́ wá bá mi fún ọdún mẹ́rìndínlógún?"

"Ta ni kí n gbé e lọ bá? Ta ló tún mọ̀ ọ́n?" Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dùn mí nígbà náà, n kò ní purọ́. Mo sunkún lọ sílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni, èmi ni n kò dà á." Ó tún ní, "Àǹtí, Olùṣọ́ yẹn ti kú, ọ̀gá ti kú. Ẹ mú pínkì yín, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní ẹ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ò lè mọ bí ó ti rí kí ẹni tí o ti ń ṣe ìlara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún na ohun tó jẹ́ tìrẹ sí ọ, kí ó tún fi irọ́ dì í kó lè dùn ún gbà. Ó ti ní àga. Ó ti ní ilé, ó ti ní ẹnu dídùn, ó ti ní ojú ewé kìn-ín-ní. Bí mo bá gba èyí, ó tún ti ṣàánú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi yóò sì máa kí i kú oore títí n ó fi kú. N kò gbà. Mo fa ẹ̀dà àkọ́kọ́ ya, mo kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé náà, mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ gé e kúrú. Èmi Fọláṣadé ni mo rí àyẹ̀wò pínkì. Èmi náà ni mo fi í rí i pé sùtánà Olùṣọ́ ṣófo, tí mo sì dákẹ́. Bí ẹ bá máa gé ọ̀kan, ẹ gé méjèèjì.